Wọ́n gba ọmọ gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi tí ọkùnrin tó ń kọ́ ọ níwèé nílé ẹ̀ bà jẹ́, tí mo bá kọ ọ́ dé ìdajì màá tún pa á rẹ́. Àbúrò mi ló wá ní kí n kọ ọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí ìyá ọmọ míì má baà ṣe àṣìṣe tá a ṣe. Mo ti yọ orúkọ kúrò, mo ti yọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kúrò, gbogbo nǹkan téèyàn lè fi dá ọmọ náà mọ̀ ni mo ti yọ, ẹ má bi mí.

Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba la wà lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi jókòó, mo jókòó tì í, agbẹjọ́rò náà, obìnrin ni, wà níwájú wa pẹ̀lú fáìlì kan. Fáìlì yẹn ò nípọn rárá, òun ni mo kọ́kọ́ rí. Nǹkan tó gba oorun lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ogún ìwé lọ. Obìnrin náà pa fáìlì dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó ní, "Ìyá ọmọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo gba ọmọ yín gbọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀ báyìí, mi ò lè gbé ẹjọ́ yìí lọ sí kọ́ọ̀tù."

Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Okùn báàgì ẹ̀ ló kàn ń ká mọ́ ìka, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Èmi ni mo gbaná jẹ. Mo ní màdáámù, ẹ gbà á gbọ́ kẹ̀, kí ló wá kù? Ẹ gba ọmọ gbọ́, ẹ mọ ẹni tó ṣe é, ọkùnrin náà sì ń rìn kiri, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nílé ẹ̀ títí di òní. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mi ò sì gbọ́ ìdajì ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn torí inú ń bí mi jù. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo lọ kàwé, tí mo ń béèrè, tí mo ń jókòó ti àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà, kó tó di pé ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn wá yé mi díẹ̀díẹ̀. Kò mú kí ó dùn mí kéré o. Ó kàn yé mi ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé agbẹjọ́rò ìjọba kì í kàn bi ara ẹ̀ pé ṣé òótọ́ ni ọmọ ń sọ. Ìyẹn wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Ohun tó ń bi ara ẹ̀ ni pé tí mo bá kó gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì yìí síwájú àwọn èèyàn tí ò mọ ọmọ yìí rí, tí ò mọ ìyá ẹ̀, tí ò sí níbẹ̀, tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ náà sì ti sọ tẹnu ẹ̀ tán, ṣé ọkàn wọn á balẹ̀ láti sọ pé ọkùnrin yìí jẹ̀bi? Ìyá lè mọ̀ nínú ara ẹ̀. Agbẹjọ́rò náà lè mọ̀. Mímọ̀ yẹn ò tíì di ẹ̀rí.

Ní England àti Wales, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Code for Crown Prosecutors, òfin ọdún 1985 ló pàṣẹ pé kí ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba gbé e jáde. Ìpele méjì ni. Ìkíní, ṣé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tó débi pé kọ́ọ̀tù tó bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ á dá ẹni náà lẹ́bi ju kó dá a sílẹ̀ lọ? Tí ìdáhùn bá ti jẹ́ rárá, ó parí síbẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀sùn náà burú tó. Ìkejì, ṣé ó ṣe aráàlú láǹfààní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà? Ní ti ọ̀rọ̀ ọmọdé ìpele kejì kì í fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà, torí ta ló máa sọ pé kò ṣe aráàlú láǹfààní kí wọ́n dá ẹni tó ń ba ọmọ jẹ́ dúró? Ìpele àkọ́kọ́ yẹn gan-an lẹjọ́ ti ń kú. Ní Jámánì, òfin ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ fún agbẹjọ́rò ìjọba láyè láti yàn lórí ẹ̀sùn tó wúwo, tí ẹ̀rí bá ti tó ó di dandan kó gbé e. Ní Amẹ́ríkà ọwọ́ wọn gbòòrò gan-an, agbẹjọ́rò àgbègbè kan lè gbé ohun tí ẹnì kejì ẹ̀ ní àgbègbè tó kàn ò ní gbé. Ṣùgbọ́n èyí tó wù kó jẹ́ nínú àwọn ìlú yìí, tó bá dé iwájú kọ́ọ̀tù, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ borí gbogbo iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu, agbẹjọ́rò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti ṣí fáìlì.

Wàhálà tó wà nínú ẹjọ́ ọmọdé ni pé àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe é níwájú èèyàn. Yàrá, ilẹ̀kùn títì, àgbà kan, ọmọ kan. Èmi rò pé dókítà ló máa yanjú ẹ̀, mo ní ṣebí wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì rí i. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ ọ́ pé kò sí àpá kankan. Nígbà tí mo ka ìwé yẹn ńṣe ni ojú mi ṣú. Mo rò pé ìwé yẹn ló pa ẹjọ́ wa, àṣé òun kọ́ rárá. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1994, àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ọmọ 236 ni wọ́n wò, gbogbo wọn pátá ló jẹ́ pé kọ́ọ̀tù ti dá ẹni tó ṣe wọ́n níbi lẹ́bi, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wọn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ "bóyá". Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi mẹ́rìnlá péré ni àyẹ̀wò fi nǹkan tí ò yẹ hàn lára wọn kedere. Torí ara ọmọ máa ń tètè san, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń ṣe sí ọmọ kì í dá ọgbẹ́, àti torí ọmọ kì í sábà sọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, ó lè di oṣù mélòó kan, ó lè di ọdún. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ ò ní tìtorí àyẹ̀wò tó mọ́ sọ ẹjọ́ nù. Á ní kí dókítà wá ṣàlàyé ẹ̀ fún kọ́ọ̀tù.

Tí kò bá ti sí àpá, tí kò sí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ló kù. Ibẹ̀ làwa ti bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ọmọ náà dédé sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun ò fẹ́ lọ sí lẹ́sìn nílé bọ̀dá yẹn mọ́. Ìyá ẹ̀ ní kí ló dé, ọmọ dákẹ́. Ẹ̀rù wá ba ìyá. Ó ní ṣé ó ṣe nǹkan kan fún ẹ ni? Ọmọ dákẹ́. Ṣé ó fọwọ́ kàn ẹ́? Ọmọ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ibí ni? Ó mi orí. Ṣé ó ní kó o má sọ fún mi? Ó mi orí. Àbúrò mi pè mí lóru yẹn, mo dé láàárọ̀, mo tún bi í. Ìyá wa dé, ìyá wa bi í. Tíṣà gbọ́, òun náà bi í. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n jù, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ká a sí fídíò, mo ní ẹ̀rí rèé o, tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé irọ́ ni màá gbé e jáde.

Fídíò yẹn lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Agbẹjọ́rò náà ní kí n jókòó, ó ní ká jọ wò ó. Ẹ wò ó, mi ò tíì wo nǹkan tó dùn mí tóyẹn rí. Ohùn mi ló gba gbogbo ẹ̀. "Ó gbé ẹ lé ẹsẹ̀, àbí?" "Ó ti ilẹ̀kùn, àbí kò ti ilẹ̀kùn?" "Má bẹ̀rù, sọ fún mi pé òun ni." Obìnrin náà ti ka iye ìgbà tí mo fi ìdáhùn sínú ìbéèrè fún ọmọ, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ̀: mọ́kàndínlógún. Ọmọ náà, "ẹ̀n" àti orí mímì ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀, ó sì wà níbì kan tó ní "rárá" tí mo tún ìbéèrè yẹn bi í títí tó fi ní "ẹ̀n". Mi ò rántí rárá pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ò bú mi. Ó kàn ní, "Mo gbọ́dọ̀ fún lọ́yà ọkùnrin yẹn ní fídíò yìí, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní ṣe wàhálà kankan, á kàn tẹ̀ ẹ́ kí kọ́ọ̀tù wò ó ni."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí ní ohun tí ojú wọn rí tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Lọ́dún 1983 ní California, ìyá kan fẹ̀sùn kan ilé ìwé jẹ́léósinmi kan tí wọ́n ń pè ní McMartin. Kó tó pẹ́ wọ́n ti bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ léèrè, wọ́n ń fi ọmọlangidi bi wọ́n, ọmọ tó bá ní nǹkan ṣẹlẹ̀ wọ́n á yìn ín, èyí tó bá ní kò sí nǹkan wọ́n á tún bi í. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ náà wá ń di ohun tí ò ṣeé gbọ́ sétí, ti ihò abẹ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Èèyàn méje ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Lọ́dún 1986 agbẹjọ́rò àgbègbè tuntun, Ira Reiner, fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èèyàn márùn-ún nínú àwọn méje náà, ó ní ẹ̀rí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1990 tí gbogbo ẹ̀ parí, wọn ò dá ẹyọ ẹnì kan lẹ́bi. Ọdún méje. Ayé àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bàjẹ́, ayé àwọn ọmọ náà dàrú. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ká ní ọmọ kan ṣoṣo wà láàárín wọn tí nǹkan ṣe lóòótọ́, ta ló máa lè yọ ohùn ẹ̀ kúrò nínú gbogbo ariwo yẹn?

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi nǹkan kan sí ọmọ lẹ́nu. Wọ́n á kọ́kọ́ bá a ṣeré, wọ́n á ní kó sọ bí ọjọ́ ìbí ẹ̀ ṣe lọ, kó lè mọ̀ pé òun lòun ń sọ̀rọ̀, àgbà ló ń gbọ́. Wọ́n á sọ fún un pé tí kò bá mọ̀ kó ní òun ò mọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Wọ́n á dákẹ́. Tó bá dákẹ́, àwọn náà á dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹnì kan, fídíò ń ká a. Lọ́dún 1985 ni agbẹjọ́rò àgbègbè kan ní Huntsville, Alabama, Bud Cramer lorúkọ ẹ̀, dá ilé kan sílẹ̀ torí ó rí i pé ọmọ á sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọlọ́pàá, á sọ ọ́ fún dókítà, á sọ ọ́ fún àwọn aláàbò ọmọ, á tún wá sọ ọ́ fún òun, ó ní kí gbogbo wọn wá pàdé ọmọ lábẹ́ òrùlé kan. Iceland ṣe irú tiẹ̀ lọ́dún 1998, wọ́n ń pè é ní Barnahus, ilé àwọn ọmọ. Ká ní mo mọ̀ ni, alẹ́ ọjọ́ yẹn ǹ bá kàn gbá ọmọ náà mọ́ra, kí n ní ó ṣeun tó o sọ fún wa, kí n sì pe àwọn tó mọṣẹ́. Tí mo bá tiẹ̀ máa kọ nǹkan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara ẹ̀ jáde láìsí pé mo bi í, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọjọ́ àti aago.

Torí ohun tí agbẹjọ́rò ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ni àwọn nǹkan kéékèèké. Nígbà tí àwọn tó mọṣẹ́ wá bá ọmọ wa sọ̀rọ̀, ó sọ fún wọn pé bọ̀dá yẹn máa ń kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ ẹ̀, á gbé e lé orí ìwé ìṣirò òun. Kò sẹ́ni tó bi í ní ti aago. Mi ò gbọ́ nípa aago rí. Agbẹjọ́rò náà fi ìlà pupa fa abẹ́ ẹ̀ nínú ìwé, ó fi hàn wá, ó ní ibí yìí ni òun ti gbà á gbọ́. Wọ́n á wá máa wá ohun tó lè dúró ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: mẹ́sééjì lórí fóònù, ẹni tí ọmọ kọ́kọ́ sọ fún, ọjọ́ tí ìwà ẹ̀ yí padà nílé ìwé, ọmọ míì tó sọ nǹkan tó jọ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọra. Nígbà míì ọmọ náà ò tiẹ̀ ní lè wá sí kọ́ọ̀tù rárá. Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, Ohio v. Clark, ọmọ ọdún mẹ́ta ni, àwọn tíṣà ẹ̀ rí i pé ojú ẹ̀ pọ́n, àpá wà lójú ẹ̀, wọ́n bi í, ó sọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ náà kéré jù láti jẹ́rìí. Lọ́dún 2015 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fẹnu kò pé àwọn tíṣà lè wá sọ ohun tó sọ fún wọn. Tí agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ bá ti ní ọmọ ọdún mẹ́ta ò lè jẹ́rìí, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀, ibo ni ọ̀rọ̀ yẹn ì bá dé?

Ti àpá yìí náà, lílu ọmọ àti ṣíṣe é léṣe, ó ní ìdènà tiẹ̀. Èèyàn á rò pé ìyẹn ló rọrùn torí egungun tó kán ò lè purọ́. Àwọn dókítà lè sọ pé ẹni kan ló ṣe é, wọn ò lè sọ ẹni náà. Bàbá wà nílé, ìyá wà nílé, oníkálukú ní òun ò mọ̀. Fún ọdún gbọọrọ ní England irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọ ti kú, àgbà méjì dúró níbẹ̀, kọ́ọ̀tù ò lè mú ìkankan. Ìgbà tí òfin kan jáde lọ́dún 2004 ló tó di ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́ kí ọmọ kú lọ́wọ́ ẹlòmíì nínú ilé kan náà nígbà tó yẹ kó o ti mọ ewu náà, kó o sì ti ṣe nǹkan sí i. Lọ́dún 2012 wọ́n fi ọgbẹ́ tó le kún un. Agbẹjọ́rò tí ọwọ́ ẹ̀ ti dè tẹ́lẹ̀ wá rí nǹkan dì mú.

Ohun míì tó ń pa ẹjọ́ ni kí ọmọ ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo rò pé tí ọmọ bá ti yí ọ̀rọ̀ padà, irọ́ ló pa tẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2007 tó wo ẹjọ́ ọmọ 257, bíi mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yí ọ̀rọ̀ wọn padà nígbà kan. Àwọn tó yí i padà jù ni àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí, àwọn tó jẹ́ pé ẹni tó dà bí òbí ló ṣe wọ́n níbi, àti àwọn tí òbí wọn kejì ò dúró tì wọ́n. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ sọ̀rọ̀ tán, ó rí i tí ìyá ń sunkún, owó ilé ò wọlé mọ́, àwọn ẹbí ń wò ó bíi pé òun ló tú ilé ká. Kí lẹ rò pé á ṣe? Á ní òun ò rántí mọ́, kí ayé lè padà sí bó ṣe wà. Agbẹjọ́rò tó mọ èyí á wo ẹni tó wà pẹ̀lú ọmọ náà láàárín ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ọjọ́ tó yí i padà. Èyí tí ò mọ̀ ọ́n á pa fáìlì dé.

Wọ́n tún máa ń rò ó pé ṣé kọ́ọ̀tù ò ní pa ọmọ náà lára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n mo tún ń fura sí i, torí mo ti rí i tí wọ́n ń fi bo ọ̀lẹ. Ọ̀nà pọ̀ báyìí. Láti 1990 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti gbà nínú Maryland v. Craig pé ọmọ lè jẹ́rìí láti yàrá míì, kí wọ́n máa wò ó lórí tẹlifísàn, tí adájọ́ bá ti rí i pé rírí olùjẹ́jọ́ lójúkojú á já ọmọ láyà débi tí ò ti ní lè sọ̀rọ̀. Ní England fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ lè dúró fún ẹ̀rí ọmọ, àní ìbéèrè tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ máa bi í pàápàá wọ́n lè ká a sílẹ̀ ṣáájú kí ọmọ máa bá ilé ìwé ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2010 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀ fọwọ́ sí ìdálẹ́bi kan tó dá lé ọ̀rọ̀ ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tó jẹ́rìí. Wọ́n ní ọjọ́ orí nìkan kọ́, ṣé ọmọ yìí lóye ìbéèrè, ṣé ó lè dáhùn kó yéèyàn, ìyẹn nìyẹn.

Ibi tí mo wá bínú sí iṣẹ́ yìí jù rèé. Nínú ìpele àkọ́kọ́ yẹn, ti ẹ̀rí, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ fojú inú wo ohun táwọn tó máa dájọ́ máa rò. Ìṣòro wà níbẹ̀, torí láti orí "kí ni ẹ̀rí yìí tó" sí "irú ọmọ wo nìyí" ò jìnnà. Ní Rochdale, ní àríwá England, ọmọbìnrin kan lọ bá ọlọ́pàá lọ́dún 2008, ó sọ ohun tí àwọn ọkùnrin kan ń ṣe fún un. Lọ́dún 2009 àwọn agbẹjọ́rò ìjọba pinnu pé àwọn ò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, wọ́n ní àwọn tó ń dájọ́ ò ní kà á sí ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́. Ọmọ tó ń mutí, ọmọ tó ń sá nílé, ọmọ tó padà lọ bá wọn. Ẹ sọ fún mi, irú ọmọ wo gan-an ni àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń wá? Ohun tó mú kí ó rọrùn fún wọn láti bà á jẹ́ ni wọ́n tún fi sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dúró. Nígbà tí Nazir Afzal di ọ̀gá agbẹjọ́rò ìjọba ní agbègbè yẹn ní 2011, ó ṣí fáìlì náà padà, ó yí ìpinnu náà dà. Ọmọbìnrin kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ní May 2012 wọ́n dá ọkùnrin mẹ́sàn-án lẹ́bi.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 2013, Keir Starmer tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún wọn nígbà yẹn gbé ìlànà tuntun jáde. Wọ́n ní kí agbẹjọ́rò yẹ ẹ̀sùn náà wò dípò kó máa yẹ ọmọ náà wò, wọ́n sì kọ àwọn èrò òdì tí ò gbọ́dọ̀ ti ẹnu agbẹjọ́rò jáde mọ́ sílẹ̀: pé kò tètè sọ, pé ó padà lọ síbẹ̀, pé aṣọ tó wọ̀ ló fà á, pé ó ti mutí yó. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ní àwọn ò gbé ẹjọ́ ẹ̀ lè ní kí ẹlòmíì tún un wò. Tó bá jẹ́ pé mo ní agbára láti fi nǹkan kan sínú òfin gbogbo ayé, ìyẹn ni màá fi síbẹ̀. Kí ojú kan ṣoṣo má parí ọ̀rọ̀ ọmọ.

Àwa náà kọ̀wé. Mo bi obìnrin náà tààrà pé ṣé ti ọmọ wa náà ni pé wọn ò ní gbà á gbọ́ torí irú ọmọ tó jẹ́, ó ní rárá, ó ní kò sí àléébù kankan lára ọmọ, fídíò mi àti ìbéèrè gbogbo wa ni, òun sì fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu òun dípò kí n máa méfò. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn. Agbẹjọ́rò míì gba fáìlì náà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó pè wá, ó bá tíṣà sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà lẹ́tà dé. Ibi kan náà lòun náà parí sí. Wọ́n ní fáìlì náà ò ní sọnù, tí ẹ̀rí tuntun bá yọ, tí ọmọ míì bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣí i. Mo ti wá mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán, òfin ìlú mélòó kan máa ń dúró de ọmọ. Ní Jámánì, fún irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tí ẹjọ́ á fi kógbá sílé títí ẹni náà á fi pé ọgbọ̀n ọdún.

Àbúrò mi ka lẹ́tà yẹn tán, ó ní òun kì í ṣe ẹni tó máa sọ ọ́ fún ọmọ òun. Ó ní tí òun bá sọ ọ́, ọmọ náà á rò pé òun ìyá ẹ̀ ni ò gbà á gbọ́. Ó pe agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ yẹn, ó ní màdáámù, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún un. Mo rò pé ó máa kọ̀. Ó ní ká mú u wá.

Kò jókòó sẹ́yìn tábìlì lọ́jọ́ náà. Ó fa àga kékeré kan, ó jókòó dọ́gba pẹ̀lú ọmọ náà, ó ní, "Orúkọ mi ni báyìí, èmi ni mo ka gbogbo ohun tó o sọ. Mo ní mi ò ní mú bọ̀dá yẹn lọ síwájú adájọ́ báyìí. Kì í ṣe torí pé o purọ́. O ò purọ́. Àwa àgbà ni a ò rí ohun tó pọ̀ tó láti fi han adájọ́." Ọmọ náà ń wo bàtà ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀?"

Obìnrin náà wò wá. Ó fa ìwé kan, ó kọ ọ́, orúkọ ọmọ náà lókè, ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀. Ọmọ gbà á, ó kà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé ní kíláàsì, ó dá a padà, ó ní ẹ ò tíì buwọ́ lù ú, tíṣà wa máa ń buwọ́ lu tiwa. Ó buwọ́ lù ú. Ọmọ náà ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú ìwé ìṣirò ẹ̀, ó ní òun ti ṣe tán, ká máa lọ sílé.